Ibi Tí Káàdì Oníwọ̀n Parí Sí

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Oníwọ̀n.

Ó ti lo mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ ní ibùdó epo tó wà létí òkun. Iṣẹ́ kan ló ń ṣe níbẹ̀: ó ń wọn epo inú táńkì. Ẹnu ọ̀nà ibùdó náà ni èmi ń ṣọ́. Ohun tí mo fojú rí, àti ohun tí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, ni mo kọ síbí. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Táńkì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, irin funfun, wọ́n ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Táńkì kẹta ló fẹ̀ jù. Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin ló yí i ká dé òkè. Láago méje àárọ̀, kí Oníwọ̀n tó gbé ẹsẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́, á fi ọwọ́ lásán di irin rẹ̀ mú. Iná kan wà tó máa ń sá pamọ́ sára èèyàn, pàápàá ẹni tó bá wọ aṣọ ọ̀rá. Ọwọ́ lásán yẹn ló ń gbà á kúrò lára lọ sínú ilẹ̀. Tí iná yẹn bá bá a dé ojú ihò táńkì, a ò ní rí nǹkan sin. Nítorí náà aṣọ òwú nìkan ló ń wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán an. Fóònù rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń fi í sí.

Tó bá dókè, á fi ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kí òórùn epo má bàa kọ lù ú lójú. Á ṣí ìdérí. Á sọ téèpù irin sínú epo. Idẹ wúwo kan wà ní ìdí téèpù náà. Tí idẹ bá kan ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n bí ìgbà tí ẹja bá tọ́ ìwọ̀ wò. Á fà á sókè, á wo ibi tí epo tutù dé lára rẹ̀. Ó ti mọ bí epo ṣe ga tó nìyẹn.

Ìyẹn nìkan ò tó. Epo máa ń wú tí ooru bá mú un, ó máa ń sún kì tí òtútù bá mú un. Ẹni tó bá sọ bó ṣe ga tó láìsọ bó ṣe gbóná tó, irọ́ ló pa. Torí náà á fi okùn sọ tẹmómítà dé àárín epo. Ife idẹ kékeré kan wà ní ìdí tẹmómítà yẹn. Á fi sílẹ̀ níbẹ̀, á ka oókan, eéjì, eéta, títí dé ọ̀ọ́dúnrún. Á wá fà á sókè kíá, á kà á nígbà tí epo ṣì kún inú ife. Tó bá jáfara, afẹ́fẹ́ ìta á yí i padà. Ibẹ̀ ni àwọn aláìnísùúrù ti máa ń ṣìnà.

Tó bá sọ̀ kalẹ̀, yàrá páànù kékeré kan wà lábẹ́ táńkì. Káàdì kan wà lára ògiri níbẹ̀. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ibùdó náà ló ṣe é. Lápá òsì, díígírì ooru. Lápá ọ̀tún, bí epo ṣe máa wú tó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó parí sí mẹ́rìndínlógójì. Ọ̀gá yẹn ti kú. Ó ní láyé, epo inú táńkì kò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láago méje àárọ̀. Nígbà tó sọ ọ́, òótọ́ ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nínú oṣù tí oòrùn ń mú jù, Oníwọ̀n fa tẹmómítà sókè, ó rí mẹ́tàdínlógójì.

Kò gbà. Ó tún un sọ sísàlẹ̀, ó tún ka ọ̀ọ́dúnrún. Mẹ́tàdínlógójì.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lọ sí sítọ́ọ̀, ó ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n fún un ní tuntun. Lọ́jọ́ kejì, tuntun náà sọ mẹ́tàdínlógójì. Ó dá a padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó dá ẹ̀kẹta padà.

Ẹnu obìnrin tó wà ní sítọ́ọ̀ kì í sinmi. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta yẹn.

"Oníwọ̀n, ṣé ò ń jẹ wọ́n ni?"

"Ó ti bàjẹ́."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé ìbẹta ni wọ́n ni, tí àìsàn kan náà fi ń mú wọn?"

"Ohun tí kò sí nínú káàdì ni wọ́n ń sọ."

"Ó dáa. Káàdì ò parọ́, tẹmómítà ò parọ́. Ó wá ku ta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé pé tẹmómítà mẹ́ta ni Oníwọ̀n kọ̀ sílẹ̀, pé kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn. Ìwé yẹn dé iwájú mánija.

Mánija kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ Oníwọ̀n lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mo dúró dáadáa, ọ̀gá."

"Wọ́n ti yẹ àwọn tẹmómítà yẹn wò. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Bàbá, ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi wà níbi tí wọ́n fi í sí."

"Mi ò sọ ọ́ fún àbùkù. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, kò yẹ kó máa gun táńkì. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò máa bá yín gùn ún. Kí ẹ̀yin kà, kí òun náà kà. Tí tiyín bá yàtọ̀ sí tiẹ̀, ẹ máa wá bá bàbá ẹnu ọ̀nà jókòó títí ẹ máa fi fẹ̀yìn tì."

Bàbá ẹnu ọ̀nà, èmi nìyẹn. Oníwọ̀n wá gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, kò tíì gbà á tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Wọ́n fẹ́ kó mi wá bá ẹ."

"Àga wà."

"Kí n wá jókòó tì ẹ́? Bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì tí òjò pa?"

"Òjò ò pa tèmi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo táńkì kẹta. Ó ti kọ́lé, ó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó o bá bi í pé kí ló mọ̀ láyé, táńkì kẹta ló máa sọ. Kò sí ẹnì kan níbùdó yẹn tó lè bá a jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ránṣọ. Oòrùn ti ń wọ̀. Oníwọ̀n sọ ohun tí mánija sọ. Obìnrin náà mú abẹ́rẹ́ tó kéré jù nínú agolo rẹ̀, ó mú òwú dúdú, ó kó méjèèjì lé e lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, ẹ fi bọ̀ ọ́."

Ó fi bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ó fún un ní òmíràn. Ó tún fi bọ̀ ọ́.

"Ojú yín ò ṣe nǹkan kan," ìyàwó rẹ̀ wí. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fajú ro?"

"Ìyẹn gan-an ni."

"Ìyẹn èwo?"

"Tójú mi bá dáa, a jẹ́ pé epo ló gbóná."

Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ ìránṣọ dúró. Oníwọ̀n ló sọ èyí fún mi.

Ọjọ́ Ajé dé. Ọmọbìnrin yàrá àyẹ̀wò kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tó dé sọ́dọ̀ wa. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní Dókítà, torí aṣọ funfun tó ń wọ̀. Wọ́n pàdé ní ìdí àtẹ̀gùn. Oníwọ̀n wò ó látòkè délẹ̀.

"Ìborí yẹn, ọ̀rá ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bọ́ ọ sílẹ̀, Dókítà, tó ò bá fẹ́ di eérú."

Ó bọ́ ọ, ó fún mi mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo dúró nísàlẹ̀, mo nawọ́ gbé ìborí obìnrin bí ẹni tó ń tajà. Nígbà tí wọ́n fi dé ìdajì, Dókítà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èémí Oníwọ̀n kò yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn sì dọ́gba. Dókítà mú tẹmómítà tiẹ̀ wá láti yàrá àyẹ̀wò. Oníwọ̀n ní kí olúkúlùkù ka tiẹ̀, kó kọ ọ́ sínú bébà, kó má sọ ọ́ jáde. Wọ́n ka ọ̀ọ́dúnrún pọ̀. Wọ́n fà wọ́n sókè. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n pààrọ̀ bébà.

Mẹ́tàdínlógójì ló wà nínú bébà Oníwọ̀n. Mẹ́tàdínlógójì àti díẹ̀ ló wà nínú ti Dókítà.

"Bàbá, ojú yín dáa," ó wí.

"Tún un kà."

"A ti kà á."

"Mo ní kó o tún un kà."

Ó tún un kà. Kò yí padà. Dókítà jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn sókè, ó nu ojú rẹ̀.

"Ṣé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ìwé ọ́fíìsì ò ju ọdún méje lọ. Wọ́n ń dáná sun àwọn tó bá ti pẹ́."

"Tèmi wà."

Ọ̀gá àkọ́kọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ohun tó o bá kà, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì, ọ̀kan fún ara ẹ. Ọ̀gá kú, kò sẹ́ni tó sọ fún Oníwọ̀n pé kó dáwọ́ dúró, nítorí náà kò dáwọ́ dúró. Ìwé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Gbogbo àárọ̀ tó gun táńkì, ooru rẹ̀ wà níbẹ̀. Inú àpótí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ wálé ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ kejì, ó rù ú wá. Dókítà ṣí ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Oníwọ̀n rò pé ìkọ̀wé òun ni kò dáa.

Dókítà gbé àwọn ìwé náà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó padà wá, mo wà ní yàrá páànù, mo wá kí Oníwọ̀n. Mi ò kúrò mọ́.

"Bàbá," Dókítà wí, "lọ́dún mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ooru táńkì kẹta dé márùndínlógójì. Lọ́dún mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ìgbà mọ́kànléláàádọ́rin ni. Mo pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo pín in. Àárọ̀ ìsinsìnyí fi díígírì kan àti díẹ̀ gbóná ju àárọ̀ ìgbà tẹ́ ẹ dé lọ."

"Ẹyọ kan?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. "Gbogbo ariwo yìí, torí ẹyọ kan?"

Oníwọ̀n yíjú sí mi. Ó gbé ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Ìwọ ò gun táńkì rí. Tí táńkì kẹta bá kún, tí díígírì kan péré bá gun orí ooru ẹ̀, epo inú ẹ̀ á fi ìbú ìka yìí ga sí i. Ẹnikẹ́ni ò da nǹkan kan kún un o. Ooru ló gbé e. Ìbú ìka kan. Ṣùgbọ́n wo bí táńkì ṣe fẹ̀ tó. Ìbú ìka yẹn á kún ọkọ̀ epo kékeré kan bámú. Díígírì kan, ó ń..."

Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. Ilẹ̀kùn yàrá náà kọjú sí òkun. Ó ń wo ìta, àwa náà wò ó. Mi ò rí nǹkan kan àfi omi.

"Dókítà."

"Bàbá."

"Òkun náà, ṣé ó ń wú?"

Ọmọbìnrin yẹn yíjú sí i.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mò ń bi ẹ́ ni."

"Ó ń wú, Bàbá. Omi ẹ̀ ń gbóná, ó ń wú bí epo yín. Yìnyín àwọn ibi tó tutù sì ń yọ́ kún un."

Oníwọ̀n ṣí fìlà lórí. Mi ò tíì rí i kó ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, mánija pẹ̀lú.

"Nígbà tí mo dé ibí, tí òkun bá kún, òkúta mẹ́ta ló máa ń bò lára àtẹ̀gùn èbúté. Ní báyìí, mẹ́rin ni. Mo rò pé èbúté ló ń rì."

"Ó lè jẹ́ pé èbúté náà ń rì díẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ń gòkè."

"Táńkì wo ló wá tó òkun?" Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìbú ìka kan lórí òkun. Ta ló ń wọn ìyẹn? Ta ló ní téèpù tó gùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn kan wà tó ń wọ̀n ọ́n."

"Wọ́n kú iṣẹ́," Oníwọ̀n wí. Látinú ọkàn ló ti sọ ọ́.

Rédíò ti pariwo ìyípadà ojú ọjọ́ sí mi létí títí ó fi sú mi. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbú ìka kan yé mi.

Oníwọ̀n wá bi í pé kí ló ń mú un gbóná. Dókítà gbójú sókè wo táńkì tó wà lórí wa. Oníwọ̀n tẹ̀lé ojú rẹ̀.

"Èyí tí mò ń wọ̀n?"

"Èyí, àti ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùdó mìíràn. Àti èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, àti gáàsì."

"Ìyẹn ti jó tán. Ohun tó bá ti jó, ó ti lọ."

"Kò lọ, Bàbá. Lítà bẹntiróò kan, ṣé ó wúwo tó kílò kan?"

"Kò tó o. Ta lò ń bi?"

"Èéfín tó ń ti ara lítà kan yẹn jáde ju kílò méjì lọ."

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Kí nǹkan jó, kó wá wúwo ju kó tó jó lọ?"

"Bó ṣe ń jó ló ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ojú ò rí i. Ṣùgbọ́n ó wà lókè níbẹ̀, ó bo ayé bí ìdérí. Oòrùn á wọlé, ooru ẹ̀ ò ní ríbi jáde dáadáa."

Oníwọ̀n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdérí. Ó ti ṣí i, ó ti pa á dé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó bi í pé ọdún mélòó ni epo fi ń di epo.

"Ohun kéékèèké tó ń hù nínú omi ni, kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé. Oòrùn ìgbà yẹn ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n kú, iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, ilẹ̀ sè wọ́n. Ọdún ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, òdo ìdí ẹ̀ lè tó mẹ́jọ."

"Tó bá tán ńkọ́?"

"Ó tán nìyẹn."

Oníwọ̀n jókòó sórí àpótí ìwé rẹ̀. A ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fa epo sínú ọkọ̀ níta.

"Oòrùn àtijọ́ ni mo ti ń wọ̀n látọjọ́ yìí," ó wí. "Mò ń tú u sílẹ̀ lé tòní lórí. Oòrùn di méjì lórí ẹyọ ayé kan."

Kò sọ ọ́ fún ẹwà. Oníwọ̀n kì í sọ̀rọ̀ ẹwà. Ohun tó rí nínú táńkì ló ń kà jáde, bó ṣe máa ń kà á. Mo ti ń ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ epo láti ogún ọdún sẹ́yìn, mi ò bi ara mi rí pé kí ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mánija fẹsẹ̀ rìn wá sí yàrá páànù fúnra rẹ̀. Bébà Dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ojú yín dáa ju tèmi lọ. Kò sẹ́ni tó máa kó yín lọ síbì kan."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

"A máa tẹ káàdì tuntun. Wọ́n ní ká tẹ̀ ẹ́ dé ogójì."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé márùndínláàádọ́ta."

Mánija rẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá. Ṣé ẹ rò pé ó lè dé ibẹ̀?"

"Ọ̀gá tó ṣe èyí náà ò rò bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mánija. Ó wo káàdì tó wà lára ògiri, ó wo ibi tó parí sí. Ó yọ bírò lápò, ó kọ márùndínláàádọ́ta sí etí bébà náà.

"Ọ̀gá," Oníwọ̀n wí, "ì bá wù mí kó jẹ́ ojú mi ló bàjẹ́. Ẹnu ọ̀nà ò jìnnà. Ǹ bá ti lọ jókòó."

Mánija kí i, ó lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Oníwọ̀n wá gba fóònù rẹ̀. Mo ti nu àga kejì látàárọ̀, kí n tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Ó rí i, ó jókòó sórí rẹ̀. Kò jókòó sórí rẹ̀ rí. Àwọn ọkọ̀ epo ń jáde, wọ́n kún, táyà wọn ń tẹ ilẹ̀. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá ti kọjá, á gbójú sókè wo ọ̀run tó mọ́ kedere, bí ẹni tó ń wá ibi tí epo tutù dé.

"Sìmẹ́ǹtì," mo pè é.

"Fi mí sílẹ̀ jàre," ó wí. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó dìde, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ Ajé, láago méje, ó tún fi ọwọ́ lásán di irin àtẹ̀gùn mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ló jẹ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ó dúró kí ẹ̀wà náà tutù kó tó jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.